Ẹ Má Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Tí Wọn Kì í Tà: Ìkìlọ̀ fún Ará Ìlọrin Tó Fẹ́ Lọ Wo Bàsílíkà

Ní Ìlọrin, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, kó tó sọ̀rọ̀ tán ni àwọn ará ilé yóò ti dá sí i. Wọn á sọ ilé-iṣẹ́ tó lè bá lọ, wọn á sọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́, wọn á sì rántí ẹni tí owó Ùmúrà rẹ̀ wọgbó lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ìyà ló kọ́ wa lọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Kristẹni ìlú yìí tó bá fẹ́ lọ wo bàsílíkà Pétérù Mímọ́ ní Róòmù, tàbí bàsílíkà ńlá tó wà ní Yamoussoukro ní Côte d'Ivoire, kì í sábà rí ẹni tó mọ̀ ọ́n bi. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp ló máa ń rí: àwòrán Póòpù lókè, nọ́ńbà àkáǹtì nísàlẹ̀, "ààyè mẹ́ta péré ló kù" láàárín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni ni pé ẹnu ọ̀nà bàsílíkà kọ́ ni owó ti ń tán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Físà, ọkọ̀, ibi tí ẹ ó sùn, àti ọwọ́ àwọn tó fi ara wọn sáàárín ẹ̀yin àti ẹnu ọ̀nà yẹn ni owó ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti Róòmù bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí jù. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ bàsílíkà Pétérù Mímọ́ tó wà níbẹ̀ báyìí lélẹ̀ ní 1506, wọ́n yà á sí mímọ́ ní 1626, títí di òní olónìí, ẹni tó bá ní sùúrù láti tò sórí ìlà kí àwọn agbófinró yẹ àpò rẹ̀ wò, yóò wọlé láìsan nǹkan kan. Ohun tí wọ́n ń gbowó lé ni gígun òkè òrùlé rogodo rẹ̀, níbi tí àtẹ̀gùn 551 wà fún ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gùn ún látìsàlẹ̀. Wọ́n tún ń gbowó ní ilé àkójọ ohun àtijọ́ ti Fátíkàn, níbi tí ilé àdúrà Sistine wà, ṣùgbọ́n ibòmíràn nìyẹn, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Éjẹ́ǹtì tó bá kọ "owó ìwọlé bàsílíkà" sínú ìwé ìnáwó yín ti fi ara rẹ̀ hàn.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni tíkẹ́ẹ̀tì láti rí Póòpù. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí Póòpù bá wà nílé, ó máa ń jáde sí àwọn àlejò láti gbogbo ayé. Tíkẹ́ẹ̀tì wà fún un lóòótọ́, ọ́fíìsì kan ní Fátíkàn tó ń jẹ́ Prefettura della Casa Pontificia ló ń fúnni, ọ̀fẹ́ pátápátá sì ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Swítsàlandì, àwọn tó ń wọ aṣọ aláràbarà yẹn, ló ń fà á lé èèyàn lọ́wọ́ lẹ́nu Ilẹ̀kùn Idẹ. Fàdá ìjọ yín lè bá yín kọ lẹ́tà béèrè ṣáájú. Ẹni tó bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì yìí ní náírà ní Ìlọrin dà bí ẹni tó ń ta omi òjò fún ẹni tí òjò ń pa. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń jiyàn pé wàhálà tí éjẹ́ǹtì ṣe ló ń gbowó rẹ̀. Kò burú, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú rìsíìtì pé owó wàhálà òun nìyẹn, kó má pè é ní owó tíkẹ́ẹ̀tì Póòpù. Ẹ ó rí i pé kò ní kọ ọ́.

Kí ẹ sì fi í sọ́kàn pé ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan náà, wọn kì í sábà jẹ́ kí àlejò wọ inú bàsílíkà títí ìpàdé náà yóò fi tán. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo sí Róòmù, tó sì jẹ́ Ọjọ́rú ló mú, lè rí Póòpù lókèèrè kó má rí inú ilé náà rárá.

Ọ̀rọ̀ físà ló kàn. Kò sí ohun tó ń jẹ́ "físà Fátíkàn" fún àlejò. Ẹni tó bá ń lọ sí Fátíkàn, Ítálì ló máa gbà wọ̀ ọ́, físà Schengen ti Ítálì ló sì máa gbà. Ìwé ìpè tó ní àmì Póòpù lórí, tí wọ́n ní yóò jẹ́ kí físà jáde láìsí wàhálà, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, owó físà Schengen jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, 45 yúrò fún ọmọ ọdún 6 sí 11. Bí wọn kò bá fún yín ní físà, wọn kì í dá a padà. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìṣedúró ìrìn-àjò tí yóò lè san ó kéré tán 30,000 yúrò bí àìsàn bá ṣe yín lọ́hùn-ún. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ìwé ìbéèrè yín sílẹ̀ kó tó ku oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn-àjò, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ku ọjọ́ tí kò tó 15. Ẹni tó bá ń gba irú físà yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ka fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí éjẹ́ǹtì bá ní kí ẹ jókòó sí Tanke tàbí Taiwo yín, òun á gba físà wá bá yín nílé, ẹ rọra gba pásípọ̀ọ̀tù yín lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé físà yóò jáde. Ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Ítálì nìkan ló ń pinnu ìyẹn. Àwọn tó ń fọwọ́ sọ̀yà ló sábà máa ń ṣe ayédèrú ìwé báńkì fún àwọn oníbàárà wọn, orúkọ oníbàárà sì ni àkọsílẹ̀ ẹ̀tàn náà yóò wọ̀ lọ́dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Schengen gbogbo, kì í ṣe orúkọ éjẹ́ǹtì. Èèyàn lè tìtorí bàsílíkà pàdánù àtilọ kí ọmọ rẹ̀ ní Jámánì.

Kí ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà kí físà tó jáde. Ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Éjẹ́ǹtì á fi ìwé kan ránṣẹ́ tó ní orúkọ yín, ọjọ́ yín, àmì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, gbogbo rẹ̀ á dán gbinrin. Ó lè jẹ́ pé ṣe ló kàn bá yín mú ààyè sílẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, ààyè náà á sì ti ṣófo padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ máa ń ní nọ́ńbà gígùn kan, 13 ni nọ́ńbà inú rẹ̀. Ẹ wá a nínú ìwé náà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà fúnra yín, kì í ṣe èyí tí éjẹ́ǹtì fi ránṣẹ́, kí ẹ tẹ orúkọ yín àti àmì mẹ́fà, lẹ́tà tàbí nọ́ńbà, tó wà fún ààyè yín. Bí kò bá gbé yín jáde, ẹ kò ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí inú àwọn kan kò ní dùn sí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ bàsílíkà bojú, tí wọ́n fẹ́ já sí Yúróòpù bí wọ́n bá ti débẹ̀. Àwọn éjẹ́ǹtì mọ̀ wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń bu owó gọbọi lé wọn. Lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló ti burú jù. Ẹni tó bá ní òun á san gbogbo owó ìrìn-àjò fún ọmọ yín, pé kó wá ṣiṣẹ́ san án padà bó bá débẹ̀, yálà Ítálì ló pè é ni o, yálà Àbíjàn tàbí Málì, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun NAPTIP, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti òwò ẹrú. Ẹ má kọ́kọ́ bá a dúnàádúrà.

Bí ẹ bá sì ti dé Róòmù, ẹ ṣọ́ àpò yín nínú bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 64 tó ń ti ibùdókọ̀ ojú irin Termini lọ sí ìtòsí Fátíkàn. Àwọn jáwójáwó sọ ọ́ di oko wọn, gbogbo ará Róòmù ló mọ̀. Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wọlé. Ìyẹn kò lè ṣòro fún ará Ìlọrin.

Gbogbo ibi kọ́ ló rí bíi Róòmù o. Sagrada Família ní Barcelona, tí Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún sọ di bàsílíkà ní 2010, owó ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tà á, ọjọ́ àti wákàtí yín á sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá débẹ̀ láìrà á tẹ́lẹ̀ lè máa fi ojú wo ògiri lásán. Orí ìkànnì bàsílíkà náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹni tó kàn fẹ́ fojú rí bàsílíkà ńlá yóò fi gbà pé Róòmù nìkan ló wà? Ní Yamoussoukro, ìlú tí wọ́n ti bí Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Côte d'Ivoire, bàsílíkà Ìyá Wa Olùfúnni-ní-Àlàáfíà wà níbẹ̀. Pierre Fakhoury ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1985, wọ́n parí rẹ̀ ní 1989. Póòpù John Paul Kejì yà á sí mímọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990. Gíga rẹ̀ tó mítà 158 títí dé orí àgbélébùú. Ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni ilé ìjọsìn Kristẹni tó fẹ̀ jù lọ láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pétérù Mímọ́ gba èrò jù ú lọ. Ẹgbẹ̀rún méje ló lè jókòó nínú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá tún lè dúró. Kí Póòpù tó gbà láti wá, ó ní kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún 2015 ni ilé ìwòsàn náà tó ṣílẹ̀kùn. Kálukú ló lè fi ìyẹn ro ohun tó bá fẹ́.

Owó díẹ̀ ni àlejò ń san ní bàsílíkà náà, ní sẹ́fà, lẹ́nu géètì gan-an. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, torí wọ́n lè ní kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ títí ẹ ó fi jáde. Afinimọ̀nà wà nínú ọgbà. Àwọn tó bá pàdé yín lójú títì pé àwọn ni afinimọ̀nà, ẹ kí wọn, ẹ kọjá. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà nínú àwọn òpó ńlá rẹ̀ tó ń gbéni lọ sókè láti wo ìsàlẹ̀. Nínú àwọn gíláàsì aláwọ̀ mèremère rẹ̀, ọ̀kan wà tí wọ́n ya Houphouët-Boigny fúnra rẹ̀ sí, ó kúnlẹ̀ síwájú Jésù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ Máàsì, ẹ lọ ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì mọ̀ pé èdè Faransé ni. Ẹ sá fún ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ bí ẹ kò bá fẹ́ èrò, torí ọjọ́ Ìgbàsókè Màríà ni, ọjọ́ ìsinmi sì ni ní orílẹ̀-èdè náà.

Ohun mìíràn tí àlejò ń lọ wò ní Yamoussoukro ni àwọn ọ̀nì inú adágún ààfin ààrẹ. Ní 2012, ọ̀kan nínú wọn pa ẹni tó ti ń bọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, lójú àwọn àlejò. Ẹ̀yin tí wọn kò mọ̀ rí, ẹ dúró lẹ́yìn irin.

Fún wa ní Kwara, ìrìn-àjò yìí kò nílò físà. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 ló fún wa ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè ara wa. Éjẹ́ǹtì tó bá gba owó "físà Àbíjàn" lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, olè ni. Ohun tí ẹ nílò ni pásípọ̀ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, pásípọ̀ọ̀tù olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún jẹ́ 100,000 náírà, olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá jẹ́ 200,000. Orí ìkànnì Ìmígíréṣọ̀n ni ẹ ti ń san án; ẹni tó bá ní kí ẹ san án sínú àkáǹtì òun, ẹ kọ̀ fún un. Káàdì ibà pọ́njú, ẹ gba abẹ́rẹ́ náà kó tó ku ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ ó lọ, torí ó di lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá kó tó múlẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́dà láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, ìwé lásán ni, ibà pọ́njú kò sì mọ ìwé.

Ẹni tó bá ní owó lè wọ ọkọ̀ òfúrufú láti Ìlọrin lọ sí Èkó, kó wọ òmíràn láti Èkó lọ sí Àbíjàn, níbi tí yóò ti wọ ọkọ̀ lọ sí Yamoussoukro. Ẹni tí kò bá ní, ọ̀nà Èjìgbò ni mo máa ní kó gbà. Láti Gẹ̀rí Alímì sí Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò jìnnà. Àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń gbé Àbíjàn láti ayé àwọn bàbá wọn, bọ́ọ̀sì sì wà tó ń ti Èjìgbò lọ sí Àbíjàn tààrà. Àwọn awakọ̀ yẹn mọ ọ̀nà, wọ́n ń sọ Faransé, wọ́n sì mọ ilé ara wọn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti wá wọn, èyí tí ẹ kò lè sọ nípa éjẹ́ǹtì tó ń yí nọ́ńbà fóònù bí ẹni yí fìlà. Ẹ béèrè iye owó ọkọ̀ lẹ́nu gáráàjì fúnra yín, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹrù wà nínú owó náà.

Sèmè, Hilacondji, Aflao, Elubo: bọ́dà mẹ́rin ni ẹ ó kọjá, ìrìn-àjò náà sì lè gba ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan, ọmọ bọ́dà kan á sáré tọ̀ yín wá pé kí ẹ mú pásípọ̀ọ̀tù wá, òun á bá yín lù ú ní òǹtẹ̀. Ẹ má fún un. Ẹ lọ síwájú òṣìṣẹ́ fúnra yín, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lù ú nígbà tí ẹ ń jáde àti nígbà tí ẹ ń wọlé. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé yóò sanwó rẹ̀ nígbà tó bá ń padà bọ̀. Sẹ́fà kan náà ni Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Côte d'Ivoire ń ná, sídì ni Gánà ń ná. Ẹ má jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́njì bọ́dà ka owó fún yín kí wọ́n sì tún gbà á padà pé àwọn fẹ́ tún un kà. Láàárín ìgbà yẹn ni owó ti ń fò.

Àwọn kan á ní, kí la tún ń lọ sí Sèmè ṣe nígbà tí Kwara fúnra rẹ̀ bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà? Òtítọ́ ni pé bọ́dà Chikanda wà ní Bàrùtẹ́n, ó sì já sí Nikki àti Parakou. Lásìkò yìí, ẹ má gba ibẹ̀. Agbébọn ti sọ ìgbèríko Bàrùtẹ́n àti Kàyámà di ibi ẹ̀rù, kò sì sí bàsílíkà tó yẹ kí èèyàn tìtorí rẹ̀ wọ inú igbó lọ bá wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín gba Nìjẹ̀r àti Burkina Faso kọjá. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn méjèèjì àti Málì ti kúrò nínú ECOWAS.

Bí owó yín bá kéré sí Àbíjàn, ẹ dúró ní Ouidah ní Bẹ̀nẹ̀, tó fi nǹkan bí ogójì kìlómítà jìnnà sí Kútọnù. Bàsílíkà ibẹ̀ kò tóbi, ọ̀rúndún tó kọjá ni wọ́n kọ́ ọ, iwájú ilé òrìṣà erè ló sì dúró sí gẹ́lẹ́. Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún wá síbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011. Ẹni tó ti Ìlọrin wá, tó ti mọ mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé àdúgbò kan náà, yóò gbádùn ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé bàsílíkà wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá ti gba owó yín ná ńkọ́? Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp rẹ́ nítorí ìbínú. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì báńkì, kí ẹ pe báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, tó wà ní Ìlọrin. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, pàápàá àwọn àgbàlagbà tí ẹlẹ́gbẹ́ wọn nínú ìjọ ló mú éjẹ́ǹtì wá bá wọn. Àwọn gbájúẹ̀ mọ ìtìjú yẹn dáadáa, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.

Ẹ̀yin Fàdá, ẹ̀yin Pásítọ̀, àti ẹ̀yin ìyá ìjọ, mo bẹ̀ yín: ẹ má ṣe jẹ́ kí éjẹ́ǹtì kankan dúró níwájú ìjọ polówó ìrìn-àjò bí ẹ kò bá tíì rí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ka ìkéde lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ fi gbólóhùn kan kún un pé ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì Póòpù.